Ilẹ̀kùn Keje àti Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Mi Nídìí Géèmù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mo mọ̀ pé àwọn òbí yín ti sọ ti télọ̀ fún yín, wọ́n ti sọ ti mẹkáníìkì, wọ́n sì ti fi ìka hàn yín ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Atakpamé tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí kò sí òbí tó máa sọ ọ́ fún yín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti àwọn èèyàn tó ń ṣeré géèmù, kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bínú. Agbonou ni mo ti ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín pé n ò tíì pé àádọ́ta ọdún, kó wá wo àtàǹpàkò mi nígbà ọyẹ́ kó tó máa rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ ọ̀gá náà, wọ́n sọ̀rọ̀, mo ká ẹní mi kúrò ní Elavagnon, mo sì dé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Ti owó tí mo gbà, ẹ má bi mí, kí ẹ lè bọ̀wọ̀ fún mi títí ìtàn yìí á fi parí.

Ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Pàtírọ̀ọ̀n gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọ̀gá iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ti tún rédíò ṣe rí. Etí ló fi ń ríran. Á kọjú sí ògiri, á ní kí n tan ẹ̀rọ géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì bi mí èwo ló ń ṣàìsàn. Bí mo bá wo ojú tẹlifíṣọ̀n kí n tó dáhùn, mo ti pàdánù oúnjẹ ọ̀sán. Odidi ọdún kan ni mo fi nu eruku. Mo kọ́ bí a ṣe ń nu díìsì láti àárín bọ̀ sí etí, kì í ṣe ní róbótó bí ẹni nu àwo. Mo kọ́ pé bí ẹ̀rọ bá gbóná tó ń kọ díìsì sílẹ̀, kí a dojú rẹ̀ délẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn oníbàárà gbà pé oògùn ni. Pàtírọ̀ọ̀n kò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Géèmù tó mú wa gbajúmọ̀ kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ti bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ tó fi ń parí, ẹni tó jáwé olúborí á pariwo, ẹni tó fìdí rẹmi á ní mánẹ́tì, ohun tí a fi ń darí géèmù, tó wà lọ́wọ́ òun ló bàjẹ́. Tiwa ni ti ìrìn-àjò. Ìwọ á di ọmọ abúlé kan tó ní idà onígi, wàá máa rìn láti ìlú dé ìlú, wàá máa bá ẹranko jà, agbára rẹ á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, oṣù á gorí oṣù. Níparí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, òǹrorò kan á dúró dè ọ́, òun là ń pè ní bọ́ọ̀sì. Díìsì àdàkọ láti Lomé ni, èdè tó wà nínú rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí náà a sọ ọ́ ní orúkọ tiwa: Ilẹ̀kùn Méje, nítorí ilẹ̀kùn méje ló wà láti là já. Lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ tà, èkejì dé, ẹ̀kẹta dé, títí dé ẹ̀karùn-ún.

Ti àkọ́kọ́ yẹn nira. Kò sí àwòrán ilẹ̀ tó máa fi ọ̀nà hàn ọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìjà kan. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ìjà mìíràn. Ibi tí èèyàn ti lè fi eré pamọ́ sórí káàdì jìnnà síra bí abúlé sí abúlé, iná ìjọba kò sì mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó o débẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó gun zémì, ìyẹn ọ̀kadà tí a fi ń gbé èrò, láti Notsé wá torí géèmù yìí. Iná lọ nígbà tó ku ìṣísẹ̀ méjì kó dé ibi ìpamọ́. Kò pariwo. Ó dìde, ó kí wa, ó gbé mánẹ́tì kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀, a kò sì rí i mọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan tí ilé ìwé kò kọ́ mi. Líle kọ́ ló ń lé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ń jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gígùn pàápàá kọ́ ni, nítorí èmi mọ ẹni tó fi ọdún méjì ṣe ẹ̀kejì tí kò sì kùn. Ohun tó ń lé wọn ni kí wọ́n tún rin ọ̀nà tí wọ́n ti rìn. Bọ́ọ̀sì lè pa èèyàn nígbà ogún, á bú u, á tún padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní láti tún la igbó kan náà kọjá kó tó tún rí bọ́ọ̀sì yẹn, á rántí pé òun ní iṣu tí òun fẹ́ wà.

Òfin Pàtírọ̀ọ̀n pọ̀, àmọ́ ọ̀kan ló fi ń jí mi láàárọ̀: fi ẹnu ran oníbàárà lọ́wọ́, má fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá há sí ibì kan, sọ fún un ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, sọ ohun tí bọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n má gba mánẹ́tì. Mo bi í nídìí, torí mo máa ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì máa ń dúpẹ́.

Ó ní, “Wọn ò sanwó kí wọ́n lè borí. Wọ́n sanwó kó lè nira fún wọn, kí wọ́n sì borí fúnra wọn. Bó o bá gbà á, kí lo wá tà fún wọn?”

Ó sì fi òfin yẹn ṣe ìdánwò mi. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ tí wọn kò bá tíì dá sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀. Kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò lè gba ọmọ iṣẹ́, a ó máa pè é ní ọmọ kódà bí irùngbọ̀n rẹ̀ bá dé àyà. Pàtírọ̀ọ̀n ní ọjọ́ tí mo bá fi ẹnu nìkan mú oníbàárà kan la ilẹ̀kùn méjèèje ti àkọ́kọ́ já, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ náà ni òun á da páúdà sí mi lórí gẹ́gẹ́ bí àmì pé mo ti gba òmìnira. Mo rò pé ó rọrùn.

Ní ọdún kẹrin mi, àwọn mẹ́rin kan wọlé. Kòjó tó ń dá oko iṣu ló ṣáájú wọn, ìyàwó rẹ̀ Afi tó ń dín gàrí wà níbẹ̀, bíríkìlà kan àti olùkọ́ ilé ìwé kan sì tẹ̀ lé wọn. Àáró ni wọ́n jọ ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá, àáró ni kí ẹgbẹ́ kan jọ ro oko ọmọ ẹgbẹ́ kan lónìí, kí wọ́n jọ ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí, tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọjọ́. Wọ́n ní géèmù yìí gùn ju ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe lọ, àwọn fẹ́ ṣe é ní àáró. Káàdì kan, eré kan. Ọjọ́ Ṣátidé ọ̀kan ni ti Kòjó, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Afi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá kàn á jókòó wòran, á sì máa gba ni nímọ̀ràn tí kò wúlò.

Mo yọ̀. Mẹ́rin ju ọ̀kan lọ, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn oníàáró kì í rẹ́ ara wọn jẹ. Nínú géèmù yẹn, akọni mẹ́fà ló ń rìn pọ̀, mẹ́ta péré ló ń jà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá jà nìkan ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó gbọ́n á mú mẹ́ta, á bọ́ wọn yó, á jẹ́ kí ìyókù máa gbé ẹrù. Àwọn wọ̀nyí kò gbà. Kálukú mú akọni kan bí ẹni mú ọmọ, wọ́n sì ń pín ìjà bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ oko. Bí akọni Afi bá ja ìjà mẹ́wàá, ti bíríkìlà gbọ́dọ̀ ja mẹ́wàá. Olùkọ́ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rí i pé agbára wọn ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, bí ọbẹ̀ tí a bu omi sí kó lè kárí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kòjó ní ta ni kí àwọn wá fi sílẹ̀, ṣé èmi á bá àwọn sọ fún un?

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀bù títí dé ìgbà iṣu titun, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn keje. Ilẹ̀kùn yẹn, bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, kò sí àbọ̀. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró síta, kí wọ́n ja ìjà fún oṣù kan sí i, kí wọ́n lágbára. Ṣùgbọ́n Pàtírọ̀ọ̀n ti ra páúdà. Ìyá mi ti ní kí wọ́n rán aṣọ fún mi ní Elavagnon. Mo ní kí wọ́n wọlé. Mo tún ní kí wọ́n fi eré pamọ́ níbẹ̀, nínú ilé, lórí àyè kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ilẹ̀kùn tì.

Ọjọ́ Afi ni. Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn pa wọ́n lẹ́ẹ̀kínní kí omi tó hó. Ó pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ó ń sú òun náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, a ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, Afi jà á dé ibi tí kò ti ku ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Akọni méjì ti ṣubú, tirẹ̀ nìkan ló kù lórí ìdúró. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì fẹ́ tú èéfín tó fi ń pani jáde. Mo sọ ọ́. Àtàǹpàkò Afi wà lórí bọ́tìnnì, kò tíì tẹ nǹkan kan. N ò rántí pé mo pinnu ohunkóhun. Mo kàn rí i pé mánẹ́tì wà lọ́wọ́ mi, mo gba ara sílẹ̀ lọ́wọ́ èéfín, mo gún un lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣubú.

Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orúkọ àwọn tó ṣe géèmù ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Afi ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣì ká kò bí ẹni pé mánẹ́tì wà nínú wọn.

Mo ní, “Ó ti parí. Ẹ wò ó.”

Ó ní, “Ó parí fún ìwọ.”

Bóyá ì bá borí, bóyá kò ní borí. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́, ohun tí mo jí nìyẹn. Pàtírọ̀ọ̀n wọlé, ó gbọ́ orin, ó bi wọ́n ta ló pa á. Mo ní èmi ni. Ó jáde, ó gbé ike páúdà padà sínú yàrá rẹ̀.

Mo bẹ àwọn mẹ́rin náà pé ká tún un ṣe láti ibi tí a fi pamọ́ sí. Kòjó ní rárá. Ó ní ebè tí wọ́n ti kọ kì í ṣe ebè tí à ń tún kọ. Ó wá sọ èyí tí mi ò retí: bí àjèjì bá bọ́ sínú oko àáró tó kọ ebè kan, ẹgbẹ́ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọjọ́ kan. Àwọn ò sì fẹ́ jẹ mí ní gbèsè kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gun ọ̀kadà méjì lọ sí Elavagnon, wọ́n ro oko gbágùúdá ìyá mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọn kò bú mi, wọ́n fún mi lómi nígbà tí mo béèrè. Wọ́n kàn ń ro oko náà dáadáa, ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Ó se oúnjẹ fún wọn, ó ń yin Ọlọ́run pé iṣẹ́ tí mo kọ́ yìí ń mú irú ọ̀rẹ́ báyìí wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Kòjó ní ó ti kárí. Wọn kò padà sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́.

Ẹ ò ní gbà pé ọdún méjìlélógún ló tẹ̀ lé èyí, torí mo máa sọ ọ́ kíákíá. Ilẹ̀kùn Méje ẹ̀kejì gùn débi pé ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíláàsì kan parí rẹ̀ ní kíláàsì kejì. Ẹ̀kẹta fẹ́ràn ọ̀rọ̀: àwọn akọni á dúró, wọ́n á máa sọ èdè tí kò yé wa, àwọn oníbàárà á jáde lọ ra ẹ̀wà, wọ́n á padà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Ní ẹ̀kẹrin, wọ́n fi ọfà pupa kan sí òkè tó ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kó o lọ. Ẹ̀karùn-ún ń fi ara rẹ̀ pamọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó tún ń bi ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ bóyá o fẹ́ kó rọrùn. Ta ni kò fẹ́? Wọ́n ṣe é tán láìyọ ojú sí mi. Lẹ́yìn náà, fóònù dé, géèmù bọ́ sínú àpò ṣòkòtò, níbi tí èèyàn ti lè ra agbára dípò kó jà fún un. Ẹ̀rọ wa sùn lábẹ́ aṣọ.

Ẹ ti rí ìṣòro mi. Ti àkọ́kọ́ ni Pàtírọ̀ọ̀n fi ṣe ìdánwò, kò sì yí i padà. Ẹni tó fẹ́ ṣe ti àkọ́kọ́ ń dínkù, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sá ní ilẹ̀kùn kẹta. Pàtírọ̀ọ̀n darúgbó, ojú rẹ̀ ṣú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi láti máa bójú tó gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Mo gbéyàwó gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Mo kọ́ àwọn mẹ́ta níṣẹ́, àmọ́ n ò lè dá wọn sílẹ̀. Pàtírọ̀ọ̀n ló ń jáde láti yàrá rẹ̀ wá da páúdà sí wọn lórí níṣojú mi, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n á wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kọ́mí, wàá rí tìẹ gbà.” Ọmọ ogún ọdún.

Ní ọdún tó kọjá, mo sọ fún Pàtírọ̀ọ̀n pé a gbọ́dọ̀ pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ó ní kò burú. Ìròyìn tàn káàkiri Agbonou, bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ra tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni Afi wọlé. Ó ti ní ọmọ-ọmọ méjì, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́.

Ó ní, “Àwa ti san ọjọ́ tìrẹ lóko ìyá rẹ. Ọjọ́ tèmi ló kù, ìwọ lo mú un lọ. Gbé ti àkọ́kọ́ jáde.”

Kò fẹ́ káàdì ti tẹ́lẹ̀. Láti abúlé, láti ìdí idà onígi, òun nìkan. Ó ń wá ní ọ̀sán lẹ́yìn tó bá ti dín gàrí tán, òórùn èéfín wà lára aṣọ rẹ̀. Pàtírọ̀ọ̀n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́. Èmi ń sọ̀rọ̀. Mo sọ púpọ̀ jù. Afi ní kí n gbẹ́nu dákẹ́ ní ilẹ̀kùn kejì, ó tún ní kí n dákẹ́ ní ẹ̀karùn-ún. Ní ẹnu ilẹ̀kùn keje, mo ní kó dúró síta. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ja ìjà síta, akọni mẹ́ta péré, ó ń bọ́ wọn yó. Mo bi í léèrè ti àwọn tó kù. Ó ní wọ́n ń gbé ẹrù, òun ti dàgbà.

Ọjọ́ tó wọlé, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ẹ máa rò pé àsọdùn ni. Bọ́ọ̀sì lù wọ́n títí ó fi ku akọni kan lórí ìdúró, bọ́ọ̀sì náà kò sì ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́.

Afi ní, “Kọ́mí, ṣé èéfín yẹn ló ń bọ̀?”

“Òun ni.”

“Kí ni kí n ṣe?”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún kẹrin mi. Ìka mi ń yún mi lábẹ́ ìdí. Mo ní, “Dáàbò bo ara rẹ, kó o tó gún un. Má kánjú.”

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì bí ti ìjọ́sí. Ó pẹ́. Mo rò pé ó ti pẹ́ jù. Ó tẹ̀ ẹ́. Èéfín kọjá. Ó gún un, kò kú. Bọ́ọ̀sì gbá a, kò ṣubú. Ó tún gún un.

Orin bẹ̀rẹ̀. Afi kò gbé mánẹ́tì sílẹ̀, ó ń ka orúkọ àwọn tí kò mọ̀ rí tó ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi tán tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi ṣú.

Pàtírọ̀ọ̀n yí padà kúrò lójú ògiri. Ó bi Afi bóyá mo fi ọwọ́ kàn án.

Afi ní, “Rárá. Ẹnu nìkan. Ẹnu ọ̀hún ló pọ̀.”

Ní Ṣátidé tó tẹ̀ lé e, Pàtírọ̀ọ̀n da páúdà sí mi lórí níwájú ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta tí wọ́n ti di ọ̀gá ṣáájú mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ inú etí mi. Ní ọjọ́ Àìkú a ta ẹ̀rọ tó kù, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ìyàwó mi bi mí iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ báyìí. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ná. Ọjọ́ kan péré ni mo fi ṣe ọ̀gá.